Ọjọ́ Tó Kúrú Jù Lọ ní Erékùṣù Marion

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Cape Town, tó kọ ẹ̀yìn sí Áfíríkà, tó wá forí lé gúúsù ìlà oòrùn, yóò lo bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí omi kó tó tún fojú kan ilẹ̀. Ilẹ̀ tí yóò rí ni Marion. Gúúsù Áfíríkà ló ni ín, òun àti àbúrò rẹ̀ kékeré tó ń jẹ́ Prince Edward, tí wọ́n jọ wà nínú omi yẹn. Marion fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 290. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló bí i, iná náà sì tún yọ ní 1980. Kò sí igi kan níbẹ̀, kò sí ìlú, kò sí ọjà, kò sì sí pápá tí bààlúù lè balẹ̀ sí. Nǹkan bí ogún ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Iṣẹ́ tó gbé wọn débẹ̀ ni kí wọ́n máa kà, kí wọ́n máa wọ̀n, kí wọ́n sì máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀.

Ọkọ̀ S.A. Agulhas II ló ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ tuntun lọ, ní nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, òun náà ló sì ń kó àwọn ti èṣí bọ̀ wálé. Tí ọkọ̀ náà bá ti yí padà, ó di àmọ́dún. Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ni mo fẹ́ tò fún yín ní wákàtí-wákàtí, ọjọ́ tí oòrùn rẹ̀ kúrú jù lọ ní apá ayé ọ̀hún. N kò mú ọdún kan pàtó, nítorí ètò iṣẹ́ ọjọ́ náà ni mo ń tọ̀, ètò yìí kì í sì í yí padà púpọ̀. Aago Greenwich ni mo lò, torí òun ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń tẹ̀ lé kárí ayé. Ará Ìbàdàn àti ará Kétu kí wọ́n fi wákàtí kan kún un. Ará Atakpamé kó lò ó bó ṣe wà. Oòrùn Marion ní tirẹ̀ fi wákàtí méjì ààbọ̀ ṣáájú aago yìí.

Aago 00:00

Òru ti jìn ní Marion, ṣùgbọ́n ohun kan tí wọ́n rán lọ ṣì wà lójú ọ̀run. Bàlúùnù ni. Ní nǹkan bí wákàtí kan sẹ́yìn ni wọ́n fi gáàsì tó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, wọ́n so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn nídìí, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń ròyìn bó ti ń lọ: bí òkè ṣe tutù tó, bí ọ̀rinrin ṣe pọ̀ tó, ibi tí ẹ̀fúùfù kọjú sí àti bó ṣe ń sáré tó. Bí ó ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ tó yí i ká ń fẹ́lẹ́, tí òun náà sì ń wú, títí yóò fi bẹ́ níbi tó ju 20 kìlómítà lọ sókè.

Ní àkókò kan náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ibùdó mìíràn káàkiri ayé ti fi tiwọn ránṣẹ́. Gbogbo ìròyìn wọn ló ń wọ inú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lọ́la àti lọ́túnla. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní gúúsù Òkun Íńdíà, omi ló lọ salalu. Àwọn erékùṣù tí ènìyàn ti ń ṣe iṣẹ́ yìí níbẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ kan lọ. Bí Marion bá dákẹ́ lóru kan, kò sí aládùúgbò tó lè bá a sọ ohun tó yẹ kó sọ.

Aago 03:00

Ó yẹ kí a dúró síbí yìí pẹ́ díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ Marion lónìí wà nínú òkùnkùn wákàtí yìí.

Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà létí òkun, àwọn ọmọ ẹyẹ albatross ńlá jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ìtẹ́ tí wọ́n fi ẹrẹ̀ àti koríko mọ ga sókè. Oṣù kẹta ni wọ́n jáde nínú ẹyin. Ìparí ọdún ni wọn yóò tó lè fò, nítorí náà ojú kan náà ni òtútù, òjò àti yìnyín yóò bá wọn. Ìyá àti bàbá wọn kò sí nílé. Wọ́n ti lọ wá oúnjẹ sójú agbami, ibi tí wọ́n ń lọ sì lè jìn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Bí albatross ńlá bá na apá, láti ṣóńṣó kan dé èkejì lè ju mítà mẹ́ta lọ; kò sí ẹyẹ mìíràn láyé tí apá rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé, bí ó bá sì tọ́ ọmọ yẹn yọrí, ọdún kejì ni yóò tún tó yé òmíràn. Bí ọmọ kan bá kú nínú oṣù kẹfà, kò sí arọ́pò fún un lọ́dún náà.

Òru ni èkúté ń wá. Èkúté ilé lásán ni, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀. Inú ọkọ̀ àwọn tó ń pa síìlì nítorí awọ àti ọ̀rá rẹ̀ ló gbà dé Marion ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láìsí ẹni tó pè é. Ó máa ń gun ọmọ ẹyẹ lórí tàbí lẹ́yìn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara rẹ̀ láàyè. Ìwọ̀n ọmọ ẹyẹ náà ju ti èkúté lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po, ẹnu rẹ̀ sì le tó ohun tó lè fi gé e sí méjì. Síbẹ̀, kì í jà. Kí ènìyàn tó dé ibẹ̀, kò sí ẹranko orí ilẹ̀ kankan tó ń dọdẹ ní erékùṣù náà, nítorí náà kò sí ohun tó kọ́ irú ẹyẹ yìí bí a ṣe ń gba ara ẹni lọ́wọ́ ohun tó ń rìn nílẹ̀. Yóò kàn jókòó ni. Òru kejì, èkúté á tún padà wá sójú ọgbẹ́ yẹn. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa Marion, èyí ló dùn mí jù.

Ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lára ọmọ albatross níbẹ̀. Nígbà tó di 2009, wọ́n bá àwọn tí èkúté ti ṣí awọ orí wọn. Ní 2023, ó ti kan àwọn àgbà ẹyẹ fúnra wọn.

Yorùbá ní ológbò kò sí nílé, ilé di ilé èkúté. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibùdó náà ro ohun kan náà, wọ́n sì mú ológbò márùn-ún wá ní 1949 láti lé èkúté inú ilé. Àwọn ológbò náà bọ́ sígbó, wọ́n sì ń bí sí i. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1970, wọ́n ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹyẹ petrel tó ń gbé inú ihò ilẹ̀ rọrùn fún wọn láti mú ju èkúté lọ, wọ́n sì ń pa nǹkan bí 450,000 rẹ̀ lọ́dún kan. Ní 1977, wọ́n tú àrùn ológbò sílẹ̀ sáàárín wọn. Àrùn náà dín wọn kù gan-an, kò pa wọ́n tán. Láti 1986, àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn àti iná wá wọn kiri lóru, nínú òjò àti ẹrọ̀fọ̀, títí ti ìkẹyìn fi lọ ní 1991. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò sì mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ka ìtàn àwọn ọdẹ wọ̀nyẹn kó má bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n èkúté kù.

Ojú ọjọ́ tún wá bá èkúté ṣe é. Láàárín 1969 sí 1999, Marion móoru sí i ní bí ìwọ̀n 1.2 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òjò rẹ̀ sì dín kù. Òtútù tó máa ń pa èkúté lọ́pọ̀lọpọ̀ kò le tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ìgbà tí wọ́n fi ń bímọ sì gùn sí i. Kòkòrò ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ, pàápàá ìdin àfòpiná kan tí kò lè fò, èyí tó jẹ́ pé òun ló ń sọ ewé tó kú di ilẹ̀ ọlọ́ràá níbẹ̀. Nígbà tí kòkòrò ń tán, wọ́n yíjú sí ẹyẹ.

Aago 05:15

Ojúmọ́ mọ́. Kò ní ju wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀ lọ tí ilẹ̀ yóò tún fi ṣú, ní ọjọ́ tí ará Ìbàdàn yóò rí ju wákàtí méjìlá lọ. Nínú ibùdó, èyí tí wọ́n ṣí ní 2011 láti rọ́pò ti àtijọ́, jẹnẹrétọ̀ ń dún, ilé móoru, kálukú ń wá ohun tí yóò fi sẹ́nu. Oúnjẹ alẹ́ ni wọ́n jọ ń jẹ, títò ni wọ́n sì ń to ìdáná rẹ̀: onímọ̀ ẹyẹ lónìí, mẹkáníìkì lọ́la, olùtọ́jú aláìsàn lọ́túnla. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbígbálẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti ń wọ bàtà rọ́bà. Àbàtà ló pọ̀ jù nínú pẹ̀tẹ́lẹ̀ Marion. Ibi tó dà bí koríko lásán lè gbé ènìyàn mì dé ibàdí. Ẹ̀fúùfù líle a máa jà ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ lọ́dún, afárá pákó tó so àwọn ilé ibùdó pọ̀ sì ni ààbò tó kẹ́yìn kí wọ́n tó bọ́ sínú rẹ̀. Kì í ṣe ohun ìtìjú níbẹ̀ kí ènìyàn sọ pé ojú ọjọ́ òní kò ṣeé jáde. Ẹni tó bá sì fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ń lọ àti ìgbà tí yóò dé.

Aago 07:00

Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn létíkun. Àwọn tó ń ṣọ́ síìlì ní ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀, etíkun kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yí gbogbo rẹ̀ po láàárín ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Elephant seal ni wọ́n ń wá, síìlì tí akọ rẹ̀ lè wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ní oṣù kẹfà, àwọn àgbà wà lójú òkun jíjìn. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń gòkè wá sinmi, tí wọ́n sùn gbalaja sórí òkúta àti ewé òkun.

Ọwọ́ ẹ̀yìn síìlì náà ni kí ẹ wò. Àmì aláwọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ní nọ́ńbà. Láti 1983, nígbà tí Marthán Bester àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pretoria bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, ọmọ elephant seal tí wọ́n bá bí ní Marion kì í jáde láìgba àmì. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú òjò láti ka nọ́ńbà ara síìlì kan, tó nu ẹrẹ̀ kúrò lójú awò rẹ̀, tó sì tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú, ó ń fi ìlà kan kún ìtàn ìgbésí ayé ẹranko yẹn: ọdún tí wọ́n bí i, etíkun tí wọ́n ti bí i, ìgbà tó kọ́kọ́ bímọ, iye ìgbà tó padà wálé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka nọ́ńbà lónìí kò tíì dáyé nígbà tí wọ́n fi àmì àkọ́kọ́ sí i.

Kí ni wọ́n rí nínú rẹ̀? Láti àwọn ọdún 1950 ni elephant seal Marion ti ń dín kù, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ àwọn ọdún 1990 kó tó dáwọ́ dúró. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá àwọn ọmọ ló ń kú ni tàbí àwọn ìyá, bí kò bá sí nọ́ńbà lára wọn. Wọ́n tún máa ń lẹ ẹ̀rọ mọ́ orí àwọn kan, èyí tó ń jábọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí síìlì bá bọ́ awọ. Ẹ̀rọ náà ló fi hàn pé síìlì yìí ń wọ ìsàlẹ̀ òkun ju 1,000 mítà lọ, ó sì ń wọn bí omi ibẹ̀ ṣe gbóná tàbí tutù. Ibi tí ọkọ̀ onímọ̀ kankan kì í lọ nígbà òtútù ni ẹranko yìí ń bá wọn lọ.

Ní etíkun kan náà ni ọmọ king penguin dúró sí lọ́gọ̀ọ̀rọ̀, tí wọ́n fara ti ara wọn nínú ìyẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tó nípọn. Oúnjẹ wọn kì í dé déédéé ní ìgbà òtútù. Wọ́n lè dúró ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìrí òbí, kí wọ́n máa fi ọ̀rá ara wọn ṣe oúnjẹ.

Aago 09:30

Oòrùn dé ibi tó ga jù tí yóò dé lónìí, kò sì ga rárá.

Onímọ̀ ẹyẹ ń lọ láti ìtẹ́ dé ìtẹ́. Ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, àwọn òbí ní òrùka lẹ́sẹ̀. Ó ń wò bóyá ọmọ wà láàyè, ó ń wo orí rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́. Ìtẹ́ tó ṣófo náà, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo albatross ńlá tó wà láyé tó ń pamọ ní Marion àti Prince Edward, torí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí ló máa sọ bóyá irú ẹyẹ náà yóò wà tàbí kò ní í sí.

Èkúté nìkan kọ́ ni ọ̀tá wọn. Láti 1996 ni àwọn ọkọ̀ olè tó ń pẹja toothfish wá sí agbègbè náà, wọ́n ń ju okùn gígùn tó kún fún ìwọ̀ sómi, albatross sì ń gbé ìjẹ orí ìwọ̀ mì, wọ́n ń kú sínú omi. Òfin àti ìṣọ́ dín ìyẹn kù. Ní 2013, Gúúsù Áfíríkà sọ omi tó yí àwọn erékùṣù náà ká di ibi àbò.

Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, onímọ̀ ẹyẹ yìí lè rí Prince Edward lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sí èkúté níbẹ̀, ológbò kò sì débẹ̀ rí. Ọdún díẹ̀ sí ọdún díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí ìwọ̀nba ènìyàn débẹ̀, fún ọjọ́ péréte, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ bàtà, àpò àti ojú ìrán aṣọ wọn wò nítorí hóró koríko. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí bí Marion ì bá ṣe rí.

Aago 11:00

Bàlúùnù ọ̀sán. Ọjọ́ ẹ̀fúùfù, iṣẹ́ yìí gba agbára, torí ìgbà tí wọ́n bá jọ̀wọ́ rẹ̀ ló lè gbá ẹ̀rọ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ojú ọjọ́ yìí ni ìdí tí ènìyàn fi ń gbé Marion. Ní ìparí 1947, ìjọba Jan Smuts ní Gúúsù Áfíríkà rán ọkọ̀ ogun HMSAS Transvaal lọ ní bòókẹ́lẹ́, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìjọba mìíràn lè gba erékùṣù náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ni àwọn atukọ̀ náà gun orí ilẹ̀ Marion, wọ́n sì dé Prince Edward ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 1948. Ọdún 1948 yẹn ni ibùdó ojú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, Allan Crawford sì ló ṣáájú àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ òjò, ooru àti ẹ̀fúùfù sílẹ̀. Ìdí tí a fi lè sọ pé Marion móoru nìyẹn. Ẹni tó ń ka òjò ní 1950 kò mọ̀ pé ìwé òun ni yóò jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ayé. Ó kàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni, mo sì gbà pé irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tọ́ sí ọlá tí a kì í sábà fún un.

Aago 13:45

Oòrùn wọ̀.

Ẹ̀rọ kan wà ní Marion tó jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ ló gbé e débẹ̀. PRIZM lorúkọ rẹ̀, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì KwaZulu-Natal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló gbé e kalẹ̀ ní 2017. Ó ń tẹ́tí sí ìgbì rédíò tó ti ìgbà tí àwọn ìràwọ̀ àkọ́kọ́ ń tàn wá, èyí tó ti rẹ̀ gan-an kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ibi tí ìgbì náà bọ́ sí gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ FM wa ń lò. Ní Èkó tàbí Jòhánẹ́sbọ̀ọ̀gì, orin àti ìpolówó ọjà yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ní Marion, ilé-iṣẹ́ FM tó súnmọ́ jù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 kìlómítà. Mo fẹ́ràn pé Áfíríkà ló ni ibi tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àti pé a ń lò ó.

Aago 16:00

Lónìí, gbogbo ibùdó tó wà ní Antarctica àti ní àwọn erékùṣù tó yí i ká ń ṣe àríyá Àárín Òtútù. Àṣà yìí ti wà láti ìgbà àwọn arìnrìn-àjò ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún: wọ́n ń yọ̀ pé ìdajì ti kọjá, pé láti ọ̀la lọ ojúmọ́ á máa gùn sí i. Ibùdó ń kí ibùdó. Gúúsù Áfíríkà ní mẹ́ta tó ń kí ara wọn: Marion, Gough ní Òkun Àtìláńtíìkì, erékùṣù Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ojú ọjọ́ láti 1956, àti SANAE IV ní Antarctica, níbi tí oòrùn kì í yọ rárá ní àsìkò yìí. Àwọn ti Marion tó ń ráhùn nípa wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀ á rántí pé ẹlòmíràn kò ní nǹkan kan.

Wọ́n wọ aṣọ tó dára jù tí wọ́n gbé wá. Ẹni tí ìdáná kàn ti wà nídìí ààrò láti àárọ̀. Lórí tábìlì kan náà ni ẹni tó ń sọ Xhosa, ẹni tó ń sọ Afrikaans, ẹni tó ń sọ Zulu tàbí Sotho jókòó sí, wọ́n sì ti mọ ìṣe ara wọn ju bí ẹbí ẹlòmíràn ti mọra lọ, nítorí kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè lọ. Àwọn tí iṣẹ́ gbé lọ sáwọn ahéré tó wà káàkiri erékùṣù, ní Cape Davis, ní Mixed Pickle, ní Kildalkey, máa ń fi rédíò bá ibùdó sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á dárúkọ ara wọn, wọ́n á sọ pé ara le, wọ́n á sọ ibi tí wọ́n ń lọ lọ́la. Bí ahéré kan kò bá fèsì, ibùdó á bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn. Olùtọ́jú aláìsàn kan ṣoṣo ló wà, ọkọ̀ sì jìn ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹni tó bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní oṣù kẹfà lè máa wo òkun fún ìgbà pípẹ́.

Aago 21:00

Àríyá rọlẹ̀. Ẹni tó kan ń fọ abọ́, olùṣàkíyèsí ojú ọjọ́ ti tún ń palẹ̀ bàlúùnù òru mọ́. Níta, èkúté ti jáde.

Ètò kan wà láti pa gbogbo wọn. Mouse-Free Marion lorúkọ rẹ̀. BirdLife South Africa àti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká ló jọ ń ṣe é. Hẹlikópítà ni yóò fọ́n oúnjẹ olóró tó tó 600 tọ́ọ̀nù sí gbogbo igun erékùṣù náà láàárín ìgbà òtútù kan. Ìgbà òtútù ni wọ́n yàn nítorí ebi ń pa èkúté nígbà náà, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bímọ, ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó ń wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ti lọ. Bó bá ku abo kan àti akọ kan, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ tán. Wọ́n gbìyànjú irú rẹ̀ ní Gough ní 2021, kí ọdún tó parí wọ́n ti tún rí èkúté. Ṣùgbọ́n Macquarie, erékùṣù Ọsirélíà, bọ́ lọ́wọ́ ehoro, eku àti èkúté, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2014. South Georgia náà bọ́ lọ́wọ́ eku ní 2018. Kò tíì sí erékùṣù tó tóbi tó Marion tí wọ́n ti pa èkúté run lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn kan yóò ní ìwà ìkà ni kí a fi oró pa ẹranko tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àti pé ẹyẹ mìíràn lè jẹ nínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ẹyẹ kan yóò kú. Èmi gbà pé kí wọ́n ṣe é síbẹ̀. Ènìyàn ló gbé èkúté débẹ̀, ènìyàn ló gbé ológbò débẹ̀, ọwọ́ ènìyàn sì wà nínú ooru tó ń mú wọn pọ̀ sí i; bí a bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, irú ẹyẹ òkun 19 ló lè pòórá ní Marion láàárín ọdún 50 sí 100. Owó ló ṣòro. Àwọn elétò náà ti pín erékùṣù ọ̀hún sí hẹ́kítà-hẹ́kítà, ráàndì 1,000 ni wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́ san fún hẹ́kítà kan. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún lówó lára wa, tí ẹ sì gbà pé ẹyẹ òkun Áfíríkà jẹ́ tiwa náà, ẹ ra hẹ́kítà kan.